Wákàtí, lokaci, agogo: ta ló yá ta lọ́rọ̀?

Tó o bá ti pẹ́ ní Kubwa tàbí Nyanya l'Abuja, wàá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé gbogbo ọ̀rọ̀ tiwa tó bá ti jọ ti Haúsá, ọwọ́ Haúsá la ti gbà á. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ jọra lásán ni, bí "ina kwana" tí wọ́n fi ń kíni láàárọ̀, ina yẹn ò bá iná tó ń jó tan rárá. Àwọn ọ̀rọ̀ àsìkò ló dùn ún wò jù ní tèmi.

Wákàtí, èdè Lárúbáwá ni, waqt ni wọ́n ń pè é. Lokaci táwọn Haúsá ń pe àkókò, ibẹ̀ náà ló ti wá, àmọ́ al-waqt ni tiwọn gbé wá, l yẹn wá lẹ̀ mọ́ ọn lórí títí dòní. Tiwa ò ní l kankan. Tó bá jẹ́ Haúsá ló gbé e fún wa, ṣé kì í ṣe nǹkan bíi lókàsí la ò bá máa pè é ni? Ọmọ ìyá ni wọ́n o, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni ò pa wọ́n pọ̀. Ó jọ pé ọ̀nà apá Mali àti Songhay, àwọn ilẹ̀ ọba àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ni tiwa gbà wọlé, lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò àtàwọn aáfà ayé ijọ́un, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé Mali yẹn náà ló bí ìmàle. Wo àlùfáà náà: àwọn Songhay ń pe tiwọn ní alfa, Haúsá ní malam. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá odindi máa fi jáde lọ́dún 1884, Ajayi Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ti kó àlùfáà, wòlíì àti àdúrà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni gbogbo wọn (ẹ má sọ fún pásítọ̀ yín pé èmi ni mo sọ ọ́).

Agogo ní tiẹ̀, àwa la yá wọn. Irin tá a máa ń lù ni agogo tẹ́lẹ̀, ìgbà tí kílọ́ọ̀kì òyìnbó dé tó ń dún gbaun gbaun la bá fi orúkọ irin yẹn pè é, ẹnu gbé g kan mì, ó di aago, ìdí nìyẹn tá a fi ń béèrè pé aago mélòó ló lù. Haúsá mú agogo tiwọn lódindi, g méjèèjì pé, agogon hannu ni aago ọwọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tó lù, "ƙarfe nawa?" ni wọ́n ń béèrè, ƙarfe sì rèé, irin náà ni! Ìyẹn ni pé ƙarfe biyu tiwọn, irin méjì ni.

Torí náà tí aago ẹ bá kú, tó o gbé e lọ bá mai gyaran agogo, ìyẹn Haúsá tó ń tún aago ṣe, ní Wuse l'Abuja, orúkọ nǹkan tó o gbé wá ò ní dá wàhálà sílẹ̀ láàárín yín, iye tó fẹ́ gbà lẹ máa jà sí.