Èròjà irin nínú oúnjẹ adìyẹ

Irin wà lára àwọn èròjà tí adìyẹ nílò ní ìwọ̀n kékeré. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú himoglóbínì, tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlànà tí National Research Council ti Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1994 fi í sí 80 mg nínú kìlógíráàmù oúnjẹ kan fún adìyẹ ẹran, àti 45 mg fún adìyẹ ẹyin tó ń jẹ 100 g lójúmọ́. Èyí jẹ́ 4.5 mg lóòjọ́. Ẹyin kan ṣoṣo sì ń kó nǹkan bí 1 mg lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú pupa rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Oúnjẹ tí a fi àgbàdo àti sóyà pò kì í sábà ṣaláìní irin. Sóyà nìkan ní ju 100 mg lọ nínú kìlógíráàmù kan, dicalcium phosphate, ìyẹ̀fun tí a fi ń fún adìyẹ ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, náà sì máa ń kó irin wọlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èròjà kan tó ń jẹ́ fáítéètì nínú hóró irúgbìn máa ń so mọ́ irin, ìfun kò sì ní lè fà á mu dáadáa. Ohun tó dára jù láti fi kún un ni ferrous sulfate, iyọ̀ irin kan. Èyí tó ní omi díẹ̀ nínú (monohydrate) jẹ́ irin ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Èyí tó lómi púpọ̀ (heptahydrate) jẹ́ ìdá 20. Láti fi 50 mg kún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan yóò gba nǹkan bí 167 g ti àkọ́kọ́, tàbí 250 g ti èkejì. Kí a kọ́kọ́ pò ó mọ́ àgbàdo lílọ̀ kìlógíráàmù mélòó kan, kí a tó dà á sínú ìyókù, kó má baà ṣù jọ síbì kan. Èyí tó lómi púpọ̀ máa ń rin, ó sì ń ba fítámìnì jẹ́ bí wọ́n bá pẹ́ pọ̀ nínú àpò kan. Iron oxide, irin tó ti dógùn-ún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún adìyẹ rárá, bó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Tí a bá ń lo kóró òwú tí a ti fún òróró rẹ̀, ferrous sulfate tún ń dè gossypol, májèlé tó ń sọ pupa ẹyin di aláwọ̀ ewé; fún adìyẹ ẹyin, ìwọ̀n irin mẹ́rin ni a ń fi sí ìwọ̀n gossypol kan tí kò tíì so mọ́ nǹkan.

Adìyẹ tí irin rẹ̀ kò tó máa ń ní ogbe tó funfun, kì í tètè dàgbà, ìyẹ́ àwọn tó pupa tàbí tó dúdú sì máa ń ṣá. Àmọ́ ogbe funfun nìkan kò tó ẹ̀rí. Coccidiosis, àrùn ìfun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ìgbẹ́, àti yòrò tó ń sápamọ́ sínú pàlàpálá igi tí adìyẹ ń sùn lé, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn lóru, ló sábà máa ń fà á. Bí a kò bá kọ́kọ́ pa àwọn wọ̀nyí run, irin tí a ń fi kún oúnjẹ yóò máa bá ẹ̀jẹ̀ jáde lọ ni.

Àpọ̀jù irin náà léwu: ó ń so mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ìfun, eegun òròmọdìyẹ á sì rọ̀.