Ta ló ń náwó sí fàájì jù ní Yúróòpù? Ẹ yẹ ìdí kóńgò wò ná

Eurostat, ilé iṣẹ́ oníṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wà ní Luxembourg, ló ń to ìnáwó àwọn ìdílé sí abala-abala. Abala 09 ni ti fàájì: ìwé, ohun ìṣeré ọmọdé (tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀ nínú ètò àtijọ́), títí kan òdòdó àti oúnjẹ ajá. Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ ajá. Bíà tí èèyàn jókòó mu nílé ọtí kò sí níbẹ̀. Abala 11, ti ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì, ló bọ́ sí.

Ohun tó ń bíni nínú ni kí wọ́n gbé iye yúrò tí ará Denmark ná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ará Bulgaria, kí wọ́n wá ní àwọn ará Denmark ló gba fàájì jù. Ẹni tó bá ń ra gààrí mọ̀ pé kóńgò kì í dọ́gba: òmíràn wà, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kóńgò ni yúrò náà. Ní 2023, ẹrù ọjà tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 100 yúrò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ náà ń lọ sí bíi 143 ní Denmark, bíi 60 ní Bulgaria. Ìdí nìyẹn tí Eurostat fi ń lo PPS, owó inú ìwé tí kò sí lápò ẹnikẹ́ni, tí ẹyọ kan rẹ̀ ń ra iye ọjà kan náà ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Àwọn tó ń ṣèwádìí iye ọjà á wọ ṣọ́ọ̀bù láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, wọ́n á wá irú ọjà kan náà gan-an. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń yí gbogbo ẹ̀ka ọjà po.

Ibi tó wá dùn jù nìyí. Tẹlifíṣọ̀n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹnubodè. Iye rẹ̀ ní Sofia, olú ìlú Bulgaria, kò jìnnà sí ti Copenhagen, olú ìlú Denmark. Owó ìgerun ńkọ́? Owó oṣù àwọn ará ìlú ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fi kóńgò gbogbogbòò, ti gbogbo ọjà lápapọ̀, wọn owó tẹlifíṣọ̀n á fún ará Bulgaria ní tẹlifíṣọ̀n tí kò sí ní pálọ̀ rẹ̀. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní kóńgò tirẹ̀. Eurostat ń ṣírò ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àwọn tó ń ya máàpù aláwọ̀ mèremère láti fi ìnáwó àwọn orílẹ̀-èdè wéra kì í sábà wá a lọ.

Èyí tó tún burú ni pé owó tí wọ́n ná *nínú* orílẹ̀-èdè ni ìṣirò abala yìí ń kà, ẹni yòówù tó ná an. Owó àwọn tó wá gbafẹ́ ní Malta tàbí Croatia wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì pín in fún onílé nìkan. Ìwádìí tó ń bi ìdílé fúnra wọn léèrè kò ní àbùkù yìí, ṣùgbọ́n bí ọdún márùn-ún márùn-ún ló ń jáde. Fún irú ìlú àlejò bẹ́ẹ̀, òun ló sàn, bó tilẹ̀ ti pẹ́.