Omi Rírú àti Ìdààmú Ẹ̀rọ Ìfami nínú Kànga Ilé

Omi kànga rú nígbà tí amọ̀, iyanrìn, ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí mìíràn bá dà pọ̀ mọ́ ọn débi pé kò mọ́ gaara mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ onílé ló ń gbẹ́ kànga tara wọn nítorí pé omi ẹ̀rọ ìjọba kì í dé àdúgbò wọn tàbí kì í wá déédéé, ọ̀rọ̀ omi rírú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfami tó kọṣẹ́ sì sábà máa ń rìn pọ̀. Iyanrìn tó ń ba omi jẹ́ náà ló ń jẹ abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ju ti kànga lọ náà ló sì ń fa iyanrìn jáde láti inú ilẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀rọ láìwo ohun tó ń rú omi yóò tún ra òmíràn kí ó tó pẹ́.

Ilẹ̀ tí kànga wà

Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlú Èkìtì wà lórí àpáta líle tó ti pẹ́ gan-an láyé. Kànga àfọwọ́gbẹ́ níbẹ̀ kì í sábà wọ inú àpáta fúnra rẹ̀. Inú ìpele òkè àpáta náà, èyí tó ti jẹrà di amọ̀ àti iyanrìn, ni omi rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó bá dúró ti àwọn agbẹ́kànga lẹ́nu iṣẹ́ yóò rí i pé ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń jáde nínú garawa, lẹ́yìn náà amọ̀ tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀kọ, kí iyanrìn oníhóró tó ń dán tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àárín iyanrìn yìí ni wọ́n ti ń retí ojú omi. Kànga tí wọ́n dá dúró sínú amọ̀, bóyá nítorí pé owó tán tàbí nítorí pé ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ ẹ tí omi sì tètè yọ, kì í sábà yé rú.

Ní Èkó àti ní gúúsù ìpínlẹ̀ Ògùn, ilẹ̀ yàtọ̀. Iyanrìn àti amọ̀ tí omi àtijọ́ kó jọ ní ìpele-ìpele ló wà níbẹ̀, ìpele wọ̀nyí sì na láti Gánà gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá títí wọ Nàìjíríà. Omi kì í wọ́n níbẹ̀. Ohun tó ń dààmú àwọn onílé ni iyanrìn kíkúnná tó ń ṣàn wọlé pẹ̀lú omi, àwọ̀ ìpẹtà láti ara irin inú ilẹ̀, àti iyọ̀ níbi tó bá sún mọ́ ọ̀sà.

Ohun tí ìgò funfun lè sọ

Kí ẹnikẹ́ni tó pe oníṣẹ́, ó yẹ kí ó bu omi sínú ìgò funfun tí ó mọ́, kí ó sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹnu páìpù tó ti inú kànga bọ̀ tàbí inú garawa tí a fi fa omi ni kí ó ti bù ú. Kí ó má ṣe bù ú láti ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná. Àìmọye kànga ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún mélòó kan nínú táńkì ló ń rú omi.

Bí nǹkan inú ìgò bá rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, tí ó sì ń ta ọwọ́ nígbà tí a bá fi ìka pa á, iyanrìn ni. Bí omi bá funfun bíi wàrà, tí ó wá ń mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí gbogbo rẹ̀ fi mọ́, afẹ́fẹ́ lásán ni, ibi tí a ti gbọ́dọ̀ wá ẹ̀bi rẹ̀ sì ni oríkèé páìpù. Omi tó funfun bẹ́ẹ̀ tí kò tòrò títí di ọjọ́ kejì ní amọ̀ funfun nínú. Ẹ̀yà amọ̀ yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni omi tó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n fà á, tó wá pọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, tí ohun kan bí ìpẹtà sì dúró sí ìdí ìgò. Irin ni. Afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di pupa, kò sì sí bí a ṣe lè fọ kànga tó tí yóò lọ pátápátá.

Ìlànà omi mímu tí SON, àjọ ìjọba tó ń gbé ìlànà ojúlówó nǹkan kalẹ̀, gbé jáde fún Nàìjíríà ní ọdún 2007 fi òpin rírú omi sí 5 lórí òṣùwọ̀n NTU, ó sì fi òpin irin sí mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan. Ojú lásán kì í sábà rí omi tí rírú rẹ̀ kò tó 4 lórí òṣùwọ̀n yìí, nítorí náà omi tí ojú bá ti rí pé ó rú ti sún mọ́ òpin náà, bí kò bá ti kọjá rẹ̀.

Ìgbà tí omi ń rú

Ìgbà tí rírú náà ń ṣẹlẹ̀ máa ń tọ́ka sí ibi tí ó ti wá ju àwọ̀ omi lọ. Omi tó ń rú lẹ́yìn òjò ńlá, tó sì ń mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ń gba òkè wọlé. Àlàfo ti wà láàárín ríńgì kọnkéré kan àti èkejì, tàbí kí símẹ́ńtì tó yí ẹnu kànga ká ti sán. Irú èyí ló léwu jù lọ, nítorí pé ọ̀nà tí àgbàrá gbà wọlé ni omi ṣalángá àti sókàwéè náà lè gbà, ó sì yẹ kí kànga jìnnà sí àwọn wọ̀nyí tó mítà 30. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n fi símẹ́ńtì dí oríkèé àwọn ríńgì òkè, kí wọ́n ki amọ̀ tó le sí ẹ̀yìn wọn, kí wọ́n gbé ẹnu kànga ga sókè ilẹ̀, kí wọ́n sì da kọnkéré tó dagun síta yí i ká kí omi má bàa dúró níbẹ̀.

Rírú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹta ọdún, omi inú kànga á ti fà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí garawa tàbí ẹnu páìpù fi ń kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí kànga. Àkókò yìí gan-an ló dára jù láti fọ kànga àti láti gbẹ́ ẹ jìn sí i, nítorí pé kànga tí ó bá ní omi ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbẹ mọ́ láàárín ọdún. Àwọn agbẹ́kànga máa ń sọ ríńgì tí kò tó ti òkè ní fífẹ̀ sísàlẹ̀ bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ lọ, kí ògiri ìsàlẹ̀ má bàa wó lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tẹ́ ìdí kànga. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni omi ti ń sun gòkè, iyanrìn oníhóró ló ń kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á tẹ̀ lé e, èyí tó tóbi jù á wá wà lókè pátápátá, ìpele kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹni tó bá da òkúta ńláńlá nìkan síbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, torí pé iyanrìn yóò gba àárín wọn kọjá wọlé.

Ẹ̀yà kẹta ni omi tó mọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tó ń rú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìṣirò kékeré ló ń fi ìdí èyí hàn. Nínú kànga tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1, mítà kan omi jẹ́ nǹkan bíi lítà 785. Kí onílé so òkúta mọ́ okùn, kí ó fi wọn ibi tí omi dé, kí ó fa omi díẹ̀, kí ó tún wọ̀n ọ́n, kí ó sì dúró fún wákàtí kan kí ó tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Bí omi bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín wákàtí náà, kò ju lítà 157 lọ tí ilẹ̀ dá padà. Ẹ̀rọ tó ń fa lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan ń fa lítà 2,400 ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 15 ohun tí kànga lè mú wá. Omi tó ń sáré wọlé láti dí àyè náà ni ó ń gbá amọ̀ àti iyanrìn lọ́wọ́. Kò sí ohun tó kàn fífọ kànga níbí. Ohun tó kàn ni kí a dín ìṣàn omi kù pẹ̀lú fáàfù lórí páìpù tó ń gbé omi jáde, kí a má ṣe fi í sórí èyí tó ń fà á wọlé, tàbí kí a máa fa omi díẹ̀ láàárọ̀ àti díẹ̀ nírọ̀lẹ́ sínú táńkì.

Omi tí ó rú tọ̀sán-tòru láìka òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn sí sábà máa ń jẹ́ ti kànga inú amọ̀, tàbí ti bọ́họ́ọ̀lù tuntun tí àwọn tó gbẹ́ ẹ kò fọ̀ títí omi fi mọ́ kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ. Álọ́ọ̀mù lè mú kí omi bẹ́ẹ̀ tòrò nínú dúrọ́ọ̀mù. Àmọ́ kì í pa kòkòrò àrùn, kò sì tún kànga ṣe.

Ẹ̀rọ orí ilẹ̀

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́bàá kànga kì í fa omi bí okùn ti ń fa garawa. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń mú kúrò. Afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ orí omi inú kànga ló ń ti omi gòkè. Agbára afẹ́fẹ́ yìí kò lè gbé omi ga ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ pé. Lẹ́nu iṣẹ́, mítà 7 sí 8 ni òpin rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù kẹwàá fi máa ń dà bí ẹni pé ó kú ní oṣù kẹta. Kò kú, omi ló ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ lè tì í dé. Pùlọ́ńbà tí kò bá kọ́kọ́ wọn jíjìn omi lè pààrọ̀ gbogbo nǹkan tán kí omi má sì wá.

Bí omi kò bá jìn jù, tí ẹ̀rọ ń yí tí kò sì mú nǹkan jáde, fúùtì-fáàfù ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, ìyẹn ìdérí kékeré tó wà ní ìdí páìpù nínú omi tí kì í jẹ́ kí omi padà sísàlẹ̀. Kí a da omi sí ojú ihò orí ẹ̀rọ títí yóò fi kún, kí a sì máa wò ó. Bí omi náà bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fáàfù ń jò, ó sì lè jẹ́ hóró iyanrìn kan péré ló há sí i lẹ́nu. Bí omi bá ń jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́, tó ń tú jáde tó sì ń dá dúró, oríkèé kan ń mí. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n wé tépù funfun mọ́ ojú ìdè rẹ̀, kí wọ́n sì tún un dè.

Ẹ̀rọ tó ń kùn tí kò yí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá le, iyanrìn tàbí ìpẹtà ló dè é mọ́lẹ̀. Bí ó bá ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń fún ẹ̀rọ lágbára láti gbéra, ló ṣeé ṣe kó ti kú, pàápàá bí ikùn rẹ̀ bá ti wú. Nọ́ńbà ara ti àtijọ́ ni ti tuntun gbọ́dọ̀ ní, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ kan ẹnu wáyà rẹ̀ kí a tó mú iná inú rẹ̀ kúrò, nítorí pé iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ. Iná tí kò lágbára náà lè fa irú kíkùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ agbára ẹṣin 1 jẹ́ wáàtì 746, ó sì ń gba ìlọ́po rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, èyí tó mú kí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” má lè gbé e.

Súmò

Súmò, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi, kò ní ìṣòro mítà 8, torí pé títì ló ń ti omi gòkè. Ohun tó ń pa á ni iyanrìn àti ṣíṣiṣẹ́ láìsí omi. Omi tó yí i ká ló ń mú un tutù, bí omi bá sì fà sílẹ̀ kọjá rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, wáyà inú rẹ̀ lè jóná kí onílé tó mọ̀. Ó yẹ kí ó ga ju ìdí kànga lọ ní mítà kan, kí okùn ọ̀rá tó nípọn sì gbé e ró. Wáyà iná kọ́ ni kí ó fi rọ̀. Nínú bọ́họ́ọ̀lù, bí iyanrìn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀, páìpù oníhò tó ń sẹ́ omi ti lè ya, súmò tuntun kò sì ní wo èyí sàn. Bí súmò bá ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń já iná, ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ nínú omi ni àwọn oníṣẹ́ ti ń kọ́kọ́ wá ọ̀ràn náà.

Wíwọ inú kànga

Afẹ́fẹ́ tó wúwo, tí kò ní èyí tí ènìyàn ń mí sínú tó, lè kó jọ sí ìdí kànga. Ẹ̀rọ ìfami tàbí jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróò tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti gbọ́n omi rẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn. Àtùpà tó kú ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò tó; èyí tó ń jó kò fi hàn pé májèlé èéfín kò sí. Ẹni kejì tó sáré wọlé láti gbé ẹni àkọ́kọ́ jáde sábà máa ń kú pẹ̀lú rẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó bá wọlé, ẹni méjì ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà lókè tí yóò lè fà á jáde láìwọlé.

Lẹ́yìn fífọ̀, wọ́n máa ń fi kilorín pa kòkòrò inú kànga. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni kí a po gíráàmù 50 kilorín alágbára oníyẹ̀fun mọ́ lítà 20 omi mímọ́, kí a sì da lítà 10 nínú rẹ̀ sínú kànga fún gbogbo lítà 1,000 omi tó wà níbẹ̀. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, ní nǹkan bíi lítà 1,570, ó sì ń fẹ́ bíi lítà 16. Kò gbọ́dọ̀ dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà dànù títí òórùn kilorín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Omi tí ó ṣì rú kò yẹ ní dída kilorín sí, nítorí pé amọ̀ inú rẹ̀ yóò gba agbára oògùn náà, yóò sì fi àwọn kòkòrò pamọ́.