Ta ló ní kí sínóò dé Àkúrẹ́? Ìtàn bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ọdún

Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Ọba Adésídà kọjá níparí oṣù kọkànlá, ẹ máa rí àwọn oníbúùtíìkì tí wọ́n ń lẹ òwú funfun mọ́ gíláàsì, wọ́n ní sínóò (yìnyín ilẹ̀ òyìnbó) nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ọyẹ́ ló ń bọ̀ wá la ètè gbogbo wa. Ó dáa, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ó ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Pípàtẹ ọjà lásán, kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Àwọn ìyá aláta ní Ọjà Ọba ti mọ̀ tipẹ́ pé tòmátò tó pọ́n dáadáa ló ń wà lókè, èyí tó ti ń rọ̀ á wà nísàlẹ̀ (gbogbo wa ni wọ́n ti ṣe é fún, ẹ má purọ́). Gíláàsì ni a ò ní. Àwọn òyìnbó náà ò fi bẹ́ẹ̀ rí i lò nígbà kan, torí ìjọba ìlú ọba ń gba owó lórí gíláàsì, wọ́n tún ń gba owó lórí fèrèsé ilé onílé, ìgbà tí wọ́n fagi lé ti gíláàsì ní 1845 tí wọ́n sì fagi lé ti fèrèsé ní 1851 ni owó gíláàsì ńlá wálẹ̀, táwọn oníṣọ́ọ̀bù wá lè fi odindi iwájú ilé ṣe gíláàsì, kí ẹni tó ń kọjá lọ rí ọjà láì tíì wọlé.

Ti ọdún Kérésì yẹn, Amẹ́ríkà ló gbé e débi tó dé. Ṣọ́ọ̀bù ńlá Macy's ní New York to bèbí ìṣeré láti oríṣiríṣi ilẹ̀ sínú wíńdò wọn fún Kérésì 1874, èrò sì ń dúró wò ó. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ L. Frank Baum, òun ló kọ ìtàn Wizard of Oz ní 1900, àmọ́ kó tó dìgbà yẹn iṣẹ́ wíńdò ló ń ṣe o! Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Chicago ní 1897, The Show Window, wíńdò ṣọ́ọ̀bù nìkan ló wà fún, ọdún kejì ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí Baum ń sọ fún wọn ni pé kí nǹkan máa yí nínú wíńdò, kó máa rìn, torí ọjà tó kàn dúró gbagidi, ojú á kàn ré e kọjá ni. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́, ọ̀rọ̀ kí n yí i padà kó tó sú wọn ni.

Gordon Selfridge tó ti ṣiṣẹ́ ní Chicago náà ló wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí London ní March 1909, ó ń tan iná sí wíńdò lálẹ́, kódà tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, pé kẹ́ni tó ń rìn lálẹ́ ṣì rí nǹkan tó máa padà wá rà.

Sí ọ̀dọ̀ tiwa, UAC, ilé iṣẹ́ oníṣòwò ńlá kan, ló ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá Kingsway sí Marina l'Ékòó ní 1948, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí irú wíńdò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká má kàn ní a rí i l'Ékòó la bá kó o wálé. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kòkó ló jẹ́ kó mú. Oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni wọ́n ń ká kòkó jù, tí wọ́n bá sá a tó gbẹ, tí wọ́n tà á, owó dé ọwọ́ bàbá nìyẹn gẹ́lẹ́ nígbà tí Kérésì ń bọ̀, aṣọ ọdún àti bàtà ọmọ ló kù. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá wá pàtẹ sí oṣù karùn-ún ta ló fẹ́ rà á? Ibi tówó bá gbà wá ni wíńdò ń kọjú sí.

Ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba kún àdúgbò Alágbàká, owó oṣù wá di àsìkò mìíràn. Oṣù kẹsàn-án wá di ti báàgì àti sókìsì iléèwé, dọ́mì, ère tí wọ́n ń wọ aṣọ fún nínú wíńdò, á wọ yúnífọ́ọ̀mù. Iléyá ló ṣòro, torí lọ́dọọdún ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó kọjá lọ, ẹ ò lè ní déètì kan báyìí lẹ máa gbé ọ̀ṣọ́ rẹ̀ jáde, kàlẹ́ńdà lẹ máa wò.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹni tó so ọ̀ṣọ́ Kérésì tí kò tú u títí Easter, iná kéékèèké ṣì ń ṣẹ́jú lórí eruku, léèsì inú gíláàsì ti ṣá torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọjú sí i tààrà. Ẹ bò ó pẹ̀lú kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́sàn-án, ẹ pààrọ̀ aṣọ ara dọ́mì lọ́sẹ̀ méjì méjì, kò náni ní nǹkan kan.

Iná alẹ́ tí Selfridge ń tàn yẹn ló pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí tílẹ̀ bá ti ṣú, irin la ń fà bo gbogbo rẹ̀, iná ò sì dájú. Ní báyìí tí sólà ti wọ́pọ̀, mo ti ń rí àwọn kan tó fi bọ́ọ̀bù LED sẹ́yìn irin tí wọ́n sì jẹ́ kí irin ọ̀hún ní ihò, ẹ gba ibẹ̀ kọjá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ máa ka iye owó tó wà lára bàtà.