Àsọtẹ́lẹ̀ ẹṣin tó ṣeé ṣe kó borí nínú eré ìje ẹṣin

Àsọtẹ́lẹ̀ eré ìje ẹṣin ni kí èèyàn ka àkọsílẹ̀ ẹṣin, kó wo ẹni tó ń gùn ún, ilẹ̀ tó fẹ́ sá lé àti ẹrù tó gbé, kó tó sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹṣin náà gba ipò kìíní. Kì í ṣe iṣẹ́ Ifá, kì í sì í ṣe àlá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í sọ pé ẹṣin yìí ló máa gbà á dandan. Ohun tó ń sọ ni pé, bí wọ́n bá sá eré yìí ní ìgbà 100, ó yẹ kí ẹṣin yìí borí nínú bíi 25. Lẹ́yìn náà ló máa fi ìyẹn wé owó tí onítẹ́tẹ́ fẹ́ san. Kódà ẹṣin ààyò, ìyẹn èyí tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ (iye tí onítẹ́tẹ́ máa fi sọ owó tí a ta di púpọ̀ bí ẹṣin náà bá borí) kéré jù, kì í borí ju bíi ìdá kan nínú mẹ́ta eré lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹṣin kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun bíi ti Kúkù àti Odùnúgà máa ń gun ẹṣin wá júbà Awùjalẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ara ẹṣin, gàárì, bí ó ṣe ń jó sí ìlù àti bí ẹni tó gùn ún ṣe jókòó ni àwọn òǹwòran ń wò. Kò sí ẹni tó ń fi aago dán ẹsẹ̀ ẹṣin wò. Eṣinṣin inú igbó tó ń kó àrùn oorun ran ẹran kò jẹ́ kí ẹṣin rọ́wọ́ mú ní ilẹ̀ igbó láyé àtijọ́, Òkè Ọya sì ni wọ́n ti ń mú ẹṣin wá. Èkó ní pápá ìje ẹṣin rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ibẹ̀ náà ló wá di Tafawa Balewa Square.

Nítorí náà, eré òkè òkun ni ẹni tó bá jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù tàbí Ìpẹ́ru máa ń wò, yálà lórí fóònù tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Aago sì lè ṣì í lọ́nà. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù wọn, wọ́n ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí wa, eré aago méjì ọ̀sán wọn sì di aago mẹ́ta níbí. South Africa ń fi wákàtí kan ṣáájú wa ní gbogbo ọdún, eré aago méjì ní Durban jẹ́ aago kan ní Ṣágámù.

Ẹṣin ẹlẹ́mìí àti ẹṣin orí ẹ̀rọ

Kí èèyàn tó ka ohunkóhun, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹṣin gidi ni. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, eré ẹṣin tó ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ jẹ́ àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà. Ètò tó ń yan nọ́ńbà láìtẹ̀lé ìlànà kankan ló ń pinnu èyí tó borí. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ kì í rẹ̀, òjò kì í pa á, kò sì rántí pé òun borí láàárọ̀. Ẹni tó ń kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé láti fi mọ èyí tó kàn ń fi àkókò ṣòfò. Bákan náà ló rí pẹ̀lú lọ́tò tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Baba Ìjẹ̀bú, níbi tí nọ́ńbà márùn-ún ti ń jáde láti inú 1 sí 90: bánkà (nọ́ńbà kan tí wọ́n ní ó dájú) àti two sure (nọ́ńbà méjì tí wọ́n ní ó dájú) kò ní àkọsílẹ̀ ara bí ẹran ọ̀sìn ṣe ní in. Eré gidi máa ń ní orúkọ pápá, ọjọ́, orúkọ jọ́kì (ẹni tó ń gun ẹṣin), orúkọ ẹni tó ń kọ́ ẹṣin náà, ọjọ́ orí ẹṣin àti ìwọ̀n ẹrù rẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, tí ó jẹ́ nọ́ńbà àti ọ́ọ̀dì nìkan, àsọtẹ́lẹ̀ kò bá a mu.

Kíka ìwé eré

Nínú ìwé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin, fún àpẹẹrẹ 21-4F3. Apá òsì ni a ti ń kà á lọ, èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá sì ni eré tó sá kẹ́yìn. Ẹṣin yìí gba ipò kejì, ó tún gba ipò kìíní, dáàṣì fi hàn pé sáà kan parí. Ní sáà tuntun ó ṣe ipò kẹrin, ó ṣubú, ó wá ṣe ipò kẹta. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí láàárín mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. P ni pé jọ́kì fà á dúró lójú ọ̀nà, U ni pé jọ́kì já bọ́, R ni pé ẹṣin kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Bí C bá wà, ó ti borí rí ní pápá yẹn. D, ó ti borí rí ní irú jíjìn yẹn. BF, òun ni ààyò nínú eré tó sá kẹ́yìn, kò sì borí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ka ipò, wọn kì í ka eré. Ipò karùn-ún láàárín ẹṣin 20 tó múná lè níye lórí ju ipò kìíní láàárín ẹṣin mẹ́rin tí kò já mọ́ nǹkan. F pàápàá gba ìbéèrè: ṣé orí odi àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fò ló ti ṣubú ni, àbí orí èyí tó kẹ́yìn nígbà tó wà níwájú? Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ń bá àbájáde eré lọ ló ń dáhùn rẹ̀, ó sì yẹ ní kíkà ju nọ́ńbà lọ.

Ilẹ̀, ẹnu géètì àti bí eré ṣe máa lọ

Ilẹ̀ pápá lè le, ó lè dára níwọ̀n, ó lè rọ̀, ó sì lè di ẹrẹ̀ pátápátá. Ẹṣin tí pátákò rẹ̀ fẹ̀ tó sì ń gbé orúnkún ga sábà máa ń fẹ́ràn ẹrẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́ tó ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ lọ máa ń fẹ́ ilẹ̀ tó gbẹ. Òjò wákàtí méjì lè sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí a ṣe lálẹ́ àná di asán, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tún ipò ilẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ eré, kí a sì tún un wò lẹ́yìn eré àkọ́kọ́.

Ní pápá tí ìkọ́ rẹ̀ há, bíi Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń yí sí òsì, ẹṣin tó jáde láti ẹnu géètì (ibi tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ti ń gbéra) tó kángun sí inú ní àǹfààní nínú eré kúkúrú, torí pé èyí tó wà lóde ń sá ọ̀nà tó gùn jù. Ní ojú ọ̀nà gbọọrọ tó fẹ̀, ẹnu géètì kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ bí kò ṣe pé ilẹ̀ apá kan gbẹ ju èkejì lọ.

Yorùbá ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú ìwé eré, ká kà iye ẹṣin tó fẹ́ràn iwájú. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, yóò sáré bó ṣe wù ú, ó sì lè má ṣeé lé bá. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á fún ara wọn lágara, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni eré náà sì máa bá lára mu.

Ẹrù

Jọ́kì, gàárì àti òjé tí wọ́n fi kún un ni ẹrù ẹṣin. Nínú eré háńdíkáàpù, ẹni tó ń díwọ̀n máa ń di ẹrù tó pọ̀ jù lé ẹṣin tó dára jù, kí gbogbo wọn lè dé pọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò ni pé, nínú eré fọ́lọ́ǹgì márùn-ún (bíi mítà 1,000), ẹrù pọ́n-ùn 3 jẹ́ gígùn ara ẹṣin kan, ìyẹn bíi mítà 2.4. Nínú eré máìlì kan, bíi pọ́n-ùn 2. Bí Ẹṣin A bá fi gígùn méjì na Ẹṣin B ní máìlì kan pẹ̀lú ẹrù kan náà, tí A wá gbé pọ́n-ùn 4 lé e lónìí, wọ́n ti dọ́gba. Jọ́kì tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lè mú kí wọ́n yọ pọ́n-ùn 7, 5 tàbí 3 kúrò, bí iye eré tó ti gbà bá ṣe pọ̀ tó. Àǹfààní yẹn tó nǹkan bí ó bá mọṣẹ́.

Fífi àǹfààní wé ọ́ọ̀dì

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ọ́ọ̀dì kọ̀ọ̀kan ní ìdá tirẹ̀: a fi ọ́ọ̀dì pín 1. Ká ní ẹṣin mẹ́fà ní ọ́ọ̀dì 3.00, 4.00, 5.00, 7.00, 9.00 àti 11.00. Ìdá wọn nínú 100 jẹ́ 33.3, 25, 20, 14.3, 11.1 àti 9.1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 112.8. Ìwọ̀n 12.8 tó lé ni èrè tí onítẹ́tẹ́ ti yọ kí ẹṣin tó gbéra.

Ẹni tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ yóò kọ ìdá tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó wo ọ́ọ̀dì, kí tirẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 100 géérégé. Bí ó bá kọ́kọ́ wo ọ́ọ̀dì, ọkàn rẹ̀ á kàn máa tẹ̀ lé e. Bí ó bá fún ààyò ní 30, 0.30 lọ́nà 3.00 jẹ́ 0.90: ₦100 tó fi lé e ń padà wálé bíi ₦90 bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́. Bí ó bá fún ọlọ́ọ̀dì 9.00 ní 15, 0.15 lọ́nà 9.00 jẹ́ 1.35. Èyí ló yẹ kó yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààyò ló ṣeé ṣe jù kó borí. Ẹṣin tó ṣeé ṣe kó borí àti ẹṣin tó yẹ ká fowó lé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Síso eré mẹ́rin pọ̀ sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan ló ń pa owó jù. Bí a bá so ààyò ọlọ́ọ̀dì 3.00 mẹ́rin pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní èrè onítẹ́tẹ́ bíi ti òkè yìí nínú, ₦100 yẹn kò níye ju bíi ₦62 lọ kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé èrè náà ń di púpọ̀ lórí ara rẹ̀.

Ọjọ́ eré

Ọjọ́ kan sábà máa ń ní eré mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kò yẹ kí a dá sí gbogbo rẹ̀. Eré àwọn ọmọ ọdún méjì tí kò tíì sá rí kò ní ohun tí a lè kà. Èyí tó ní ẹṣin ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní orírun ìjàǹbá púpọ̀: Grand National ní Aintree, tí ẹṣin 34 lè sá pọ̀ lórí odi 30, jẹ́ àpẹẹrẹ. Eré ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ sí méjìlá tí gbogbo wọn ti ní àkọsílẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Bí ààyò bá ń borí nínú ìdá kan nínú mẹ́ta, nínú eré méje ó yẹ kí méjì tàbí mẹ́ta gbà á. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ kan nínú mẹ́tàdínlógún, kò ní sí ààyò kankan tó máa borí. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé ọ̀nà náà bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún eré tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìdá tí a kọ, ọ́ọ̀dì tí a gbà àti àbájáde, ló lè sọ ìyẹn. Nínú àwọn tí a fún ní 20, ǹjẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún borí lóòótọ́?

Ẹṣin tí wọ́n yọ nígbẹ̀yìn tún máa ń da ìṣirò rú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọlọ́ọ̀dì 3.00 bá kúrò lẹ́yìn tí a ti ta tẹ́tẹ́ tán, wọ́n á yọ 30 kúrò nínú gbogbo 100 tí ó bá jẹ́ èrè wa. Bí ọ́ọ̀dì ẹni tó kúrò bá ju 15.00 lọ, wọn kì í yọ nǹkan kan. Fún ẹni tó ta tẹ́tẹ́ fún ipò, ìyẹn pé ẹṣin rẹ̀ á wà lára àwọn tó ṣíwájú bí kò tilẹ̀ borí, ẹṣin mẹ́jọ ń san ipò mẹ́ta, márùn-ún sí méje ń san ipò méjì. Bí ọ̀kan bá yọ nínú mẹ́jọ, tíkẹ́ẹ̀tì tó wà fún ipò kẹta ti kú kí wọ́n tó ṣí géètì.