Ibi tí "àìríṣẹ́ṣe" ti ṣẹ̀ wá

Ẹ tú "àìríṣẹ́ṣe" palẹ̀, ẹ ó bá "rí" nínú rẹ̀. "Rí" yìí ni mo dì mú. Àwọn tó ní ọ̀lẹ ni baba ńlá ọ̀rọ̀ yìí kò ro ó dénú: ọ̀lẹ rí iṣẹ́, kò fẹ́ ṣe é ni. Àwọn tó sì ń fa "iṣẹ́" àti "ìṣẹ́" pọ̀, eré ohùn lásán ni wọ́n ń ṣe.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò lè pẹ́ tó àìríjẹ àti àìrílò tí a wò kọ́ ọ. Láyé oko, ta ni ì bá máa wáṣẹ́ kiri? Ilẹ̀ ìdílé ń bẹ. Ọmọkùnrin tó bá ti tó gbé ọkọ́, bàbá rẹ̀ á yọ díẹ̀ fún un nínú oko, kó máa ro ó nírọ̀lẹ́. Bí ebè bá ju agbára ẹnì kan lọ, á bẹ̀ ọ̀wẹ̀, tàbí kí òun àtẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ṣe àáró. Ẹni tó yáwó pàápàá, ìwọ̀fà ni yóò ṣe fún olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé. Owó ló wọ́n nígbà náà.

Ẹ tún wo ìkíni wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń gba "ẹ kú iṣẹ́", ẹni tó jókòó ń gba "ẹ kú ìjókòó", a sì ń kí onídìrí ní "ojú gbooro". Ẹni tó ń wáṣẹ́ kò ní tirẹ̀. Ó jọ pé àwọn tó dá ìkíni sílẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ olówó oṣù ló kó wíwá dé. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin ní 1896, nígbà tó fi di 1901 rélùwéè ti ń ná Ìbàdàn. Iṣẹ́ wá di ohun tí à ń kọ̀wé béèrè. Inú ìwé yẹn ni "ápílíkáǹtì" ti jáde. Bí wọ́n bá ní "ápílíkáǹtì ni lágbájá", ó lè ti tó oṣù mélòó kan tó ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ dé ní 1955, àwọn tó lè kọ̀wé béèrè iṣẹ́ pọ̀ sí i; SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba àpapọ̀, dé ní 1986, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ilé. Ní 2023, NBS, àjọ oníṣirò ìjọba Nàìjíríà, yí ìṣirò padà: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti kúrò lára àwọn aláìríṣẹ́ṣe. Ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kà ní ìparí 2020 wá di 4.1.