Ìṣe Ẹyẹ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Lásìkò Ọyẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹyẹ ní Èkìtì, àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni mo máa ń ní kó fi bẹ̀rẹ̀. Èsì tí mo máa ń gbà ni pé, "Nínú ọyẹ́ yìí náà?" Nínú ọyẹ́ náà ni. Lásìkò òjò, omi wà káàkiri, ẹyẹ omi á fọ́n ká, koríko á sì ga ju èèyàn lọ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, ìwọ̀nba àkùrọ̀ tí kò gbẹ àti etí dáàmù, irú èyí tó wà ní Ìkùn-Èkìtì àti Ẹ̀gbẹ̀-Èkìtì, ni wọ́n á máa wọ́ lọ. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ẹyẹ àlejò láti Yúróòpù wà nílẹ̀ wa. Kì í kúkú ṣe òtútù ilẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ ló lé wọn wá. Kòkòrò tí wọ́n ń jẹ ló máa ń wọ́n gógó lọ́hùn-ún, ebi ló ń rán wọn kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọyẹ́ máa ń ba àwọ̀ jẹ́. Eruku tó bo ojú ọ̀run á sọ ẹyẹ pupa di eléérú, á sọ aláwọ̀ ewé di dúdú. Ẹni tó ti ka ìwé ẹyẹ, tó wá ń wá ìyẹ́ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wò títí, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ gbàgbé àwọ̀ ná. Kí ni ẹyẹ yẹn ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká dúró létí omi ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹyẹ kan ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Jacana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ ẹyẹ kékeré lọ. Gígùn yẹn ló ń pín ìwúwo rẹ̀ ká kí ewé má baà rì. Akọ ló ń sàba lórí ẹyin, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn sá lọ, ẹ ó sì máa rí ẹsẹ̀ ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ ìyẹ́ bàbá wọn. Ìyá ti lọ bá ọkọ mìíràn ní tiẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí bàbá ilé gbọ́ o.)

Nítòsí ibẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń tọ etí omi, ìdí rẹ̀ kò dúró sójú kan, ó ń mi ìrù sókè sódò láìsinmi. Common sandpiper nìyẹn, àlejò ni. Tó bá fò, kì í ròkè, ojú omi ló máa ń rá mọ́. Èyí tó dúró sójú kan lófuurufú, tó ń ju apá, tó kọjú sísàlẹ̀, tó wá já wọ inú omi lójijì, ẹyẹ apẹja ni, dúdú òun funfun, tí ọyẹ́ kò lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Nínú oko, lékeléke ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ́ jù. Kì í ṣe ìfẹ́ màlúù ló ń mú un tẹ̀lé e. Tata tí pátákò màlúù bá ta sókè ló ń ṣa jẹ. Àwòdì náà mọ irú ọgbọ́n yìí: ibi tí wọ́n bá ti ń sun oko, ó ń rà bàbà lókè èéfín, ó ń dúró de kòkòrò tó ń sá fún iná. Ẹ má sún mọ́ iná náà torí pé ẹ fẹ́ wo àwòdì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè yí iná padà kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò wúwo tó 20 gíráàmù. Whinchat lorúkọ rẹ̀. Á nàró ṣánṣán sórí pòròpórò àgbàdo, á já sílẹ̀ mú kòkòrò, á tún padà sókè. Àwọn onímọ̀ tó fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ ní agbègbè Jos rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń padà sí ojú ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ pa ọmọ ní Yúróòpù. Èyí tẹ́ ẹ rí lóko yín lọ́dún yìí lè jẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá.

Alápàǹdẹ̀dẹ̀ náà ń kọ́? Èyí tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé yín, ọmọ ilé ni. Àlejò tó jọ ọ́ kì í kọ́lé níhìn-ín, inú koríko gíga bí eèsún ni wọ́n ń sùn pọ̀ sí. Ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n ṣírò wọn sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń yí po lórí eèsún ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ wà, aago, àti ìṣe ẹyẹ sílẹ̀, kódà tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Nigerian Bird Atlas Project, ètò tó ń ṣàkójọ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú láti orí fóònù. Ó kéré tán, wákàtí 2 ni wọ́n ní kí èèyàn fi wo agbègbè kan.

Ẹ má dá lọ, ayé ti yàtọ̀. Ẹ mú ọmọ ìlú náà dání, kí ẹ sì kí olóko kí ẹ tó yọ awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn jáde. Ẹni tó bá dédé rí yín tẹ́ ẹ̀ ń fi awò wo ilẹ̀ rẹ̀ á rò pé sọ̀fíyọ̀ ni yín, pé ẹnì kan ti tà á lẹ́yìn òun. Tó bá mọ̀ pé ẹyẹ lẹ bá wá, òun gan-an ló máa fi ibi tí àparò ń sùn hàn yín.